Ìkòkò irin níbi ìpàgọ́: lílò rẹ̀ àti fífọ̀ rẹ̀

Iná kì í ba ìkòkò irin, irú èyí tó nípọn tí wọ́n yọ́ irin dà, jẹ́ tó bí omi ṣe ń bà á jẹ́. Ẹni tó gbé e lọ pàgọ́ sí Ìkógòsì ní Èkìtì, tàbí sí ẹsẹ̀ àwọn àpáta Ìkẹ̀rẹ́, lè dáná sí i nídìí láti àárọ̀ dalẹ́ kí nǹkan kan má ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá fọ̀ ọ́ tán, tó dojú rẹ̀ dé sórí koríko, tó wọ àgọ́ lọ sùn, ìrì òru á ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ìpẹtà á ti yọ pupa sí i lára. Púpọ̀ nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, ọ̀nà láti má jẹ́ kí omi rí i mú ni.

Kí ẹ tó rà á

Ọ̀pọ̀ ìkòkò tó nípọn tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í ṣe irin, alumíníọ̀mù àlòkù tí wọ́n yọ́ dà ni. Ìtọ́jú ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání lọ sọ́jà, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn gbágbá, irin ni. Tó bá jábọ́, alumíníọ̀mù ni. Páànù irin pẹlẹbẹ náà máa ń fa mágínẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ìyẹn fẹ́lẹ́, ọwọ́ á sì ti sọ fún yín nígbà tí ẹ bá gbé e.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìka kan gbé e kọ́ níbi ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ fi ṣíbí lù ú. Tó bá dún gan-an-ran, tí ohùn rẹ̀ sì pẹ́ kó tó kú, ara rẹ̀ dá. Tó bá dún gbọ̀, ó ti sán níbì kan, bí ojú ò tilẹ̀ rí i. Iṣẹ́ wẹ́dà kì í sábà dúró lára irú irin yìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ ro ti ìwúwo rẹ̀ náà. Fúráìpáànù irin tó fẹ̀ tó ínṣì 10 máa ń wọn bíi kílò 2.3. Ìkòkò ínṣì 12 pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀ lè tó kílò 8 tàbí 9. Ẹni tó máa fẹsẹ̀ gun òkè ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, fúráìpáànù nìkan ló yẹ kó gbé. Ìkòkò ńlá, ẹni tí mọ́tò máa gbé débi àgọ́ ló ni ín. Tó bá jẹ́ ìkòkò lẹ ń wá, èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta kúkúrú nídìí, tí etí ọmọrí rẹ̀ sì ga díẹ̀ yíká, ni kí ẹ rà. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó dúró lórí ẹyín iná láìsí ààrò, etí ọmọrí ni kì í sì í jẹ́ kí ẹyín iná tí ẹ kó sórí rẹ̀ yí bọ́ sínú oúnjẹ.

Yíyan án lóròóró

Ilé ni kí ẹ ti ṣe èyí, kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé. Ara irin tí wọ́n yọ́ dà kì í jọ̀lọ̀, kò sì ní ohun kan tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ omi. Òróró la fi ń dáṣọ bò ó. Tí òróró fẹ́ẹ́rẹ́ bá wà lára rẹ̀, tí ooru sì mú un títí tó fi rú èéfín, kò ní jẹ́ òróró mọ́: á gan, á di awọ dúdú líle tó lẹ̀ mọ́ irin, tí omi gbígbóná pàápàá kò lè tètè tú. Awọ yìí ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí ìpẹtà ráyè.

Òróró sóyà ló dára jù nínú àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Òróró ẹ̀pà náà ń ṣe é. Epo pupa àti àdín kò dára fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí wọ́n wúlò tó níbòmíràn: ọ̀rá inú wọn jẹ́ irú èyí tó máa ń dì tí òtútù bá mú un, kì í gan di awọ dáadáa. Á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tó bá sì pẹ́, á máa rùn. Bọ́tà àti magaríìnì ní omi àti iyọ̀ nínú, ẹ má tilẹ̀ dán an wò.

Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún, kí ẹ gbé e kaná títí gbogbo omi ara rẹ̀ á fi gbẹ, tí ọwọ́ ò ní lè dúró lára rẹ̀ mọ́. Fún fúráìpáànù ínṣì 10, ìdajì ṣíbí tíì òróró ti tó. Ẹ fi àkísà fi í pa gbogbo ara rẹ̀: inú, ẹ̀yìn, ọwọ́, etí. Ẹ wá mú àkísà mìíràn tó gbẹ, kí ẹ nù ún bí ẹni pé òróró yẹn ṣèèṣì dà sí i lára ni, tí ẹ fẹ́ nù ún kúrò pátápátá. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, òun gan-an lẹ nílò. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Wọ́n rò pé bí òróró bá ṣe pọ̀ tó ni awọ á ṣe nípọn tó. Òróró tó pọ̀ kì í gan dé ìsàlẹ̀, gọ́ọ̀mù ló ń dà.

Ẹ gbé e sórí ẹyín iná, kì í ṣe orí ọwọ́ iná, títí èéfín á fi yọ tí á sì dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní ọ́fùùnù tó lè gbóná dé 230°C, kó dojú ìkòkò náà dé sínú rẹ̀ fún wákàtí kan, kó pa iná, kó sì fi í síbẹ̀ títí á fi tutù. Ti ọ́fùùnù máa ń dọ́gba ju ti iná igi lọ, àmọ́ kì í ṣe dandan.

Tí ara rẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, òróró ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ má fi òmíràn kún un. Ẹ dá a padà sórí iná fún nǹkan bí ìdajì wákàtí sí i, á gan.

Ààrò àti iná

Òkúta pọ̀ ní Èkìtì débi pé kò sẹ́ni tó ń ra àdògán lọ sí ìpàgọ́. Ẹ ṣáà má ṣa òkúta inú odò ṣe ààrò. Omi ti wọ inú wọn. Tí iná bá mú wọn, omi yẹn á di ooru, kò ní ríbi gbà jáde, òkúta á sì fọ́ gbàù tí èérún rẹ̀ á ta sí ojú ẹni tó jókòó tì í. Òkúta orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ lò, mẹ́ta tó ga dọ́gba, kí ẹ sì gbé ìkòkò náà lé e kí iná tó wọ ibẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ mì í wò. Kílò 9 pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ń hó nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa mì lórí ààrò.

Ẹ jẹ́ kí igi jóná di ẹyín iná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sè. Ọwọ́ iná máa ń gbóná síbì kan ju ibòmíràn lọ, á sì fi dúdú èéfín kun ẹ̀yìn ìkòkò. Láti mọ bí ooru ṣe tó, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí òkè ẹyín iná, níbi tí ìdí ìkòkò máa wà. Tí ẹ bá lè kà dé 4 tàbí 5 kó tó máa jó yín, ooru àárín nìyẹn, ó dára fún ohun púpọ̀. Tí ẹ kò bá lè kà kọjá 2, ẹ fi igi wọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ sẹ́yìn.

Irin yìí kì í tètè gbóná, tó bá sì gbóná tán, kì í tètè tutù. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 5 sí 8 lórí iná kékeré kí ẹ tó da ohunkóhun sí i. Ẹ ta omi kán-ún kan sí i: tó bá kàn ń hó jẹ́jẹ́ níbi tó bọ́ sí, ó kù díẹ̀; tó bá ń yí kiri, tó ń jó, ó ti tó, ẹ da òróró sí i. Ẹyin tàbí ẹja tó lẹ̀ mọ́ ìdí fúráìpáànù, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀, ìkánjú ló fà á. Ẹ sì jẹ́ kí ẹja náà dúró kó pọ́n nísàlẹ̀ kí ẹ tó yí i. Tó bá ti jinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ọwọ́ fúráìpáànù náà irin kan náà ni, á gbóná. Àkísà tó nípọn, tó sì gbẹ, ni kí ẹ fi dì í mú. Àkísà tútù ló burú jù, torí ooru máa ń gba inú omi kọjá wọ ọwọ́ kíákíá.

Ẹni tó fẹ́ yan adìyẹ tàbí búrẹ́dì nínú ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀, kó kó ẹyín iná díẹ̀ sísàlẹ̀, kó kó èyí tó pọ̀ sórí ọmọrí. Fún ìkòkò ínṣì 12, tó bá jẹ́ èédú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ dọ́gba lẹ ní, ẹyọ 8 nísàlẹ̀ àti 16 lórí á mú ooru tó tó nǹkan bí 175°C wá. Èédú inú àpò tí a ń rà létí títì kò dọ́gba, nítorí náà ẹ fojú wọ̀n ọ́n: ìdá kan sísàlẹ̀, ìdá méjì sórí. Ẹ tò wọ́n yíká etí, ẹ má kó wọn jọ sí àárín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdí búrẹ́dì á jóná kí etí rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 15-15, ẹ yí ìkòkò náà díẹ̀ sápá ọ̀tún, kí ẹ yí ọmọrí sápá òsì.

Ohun tó burú jù tí èèyàn lè ṣe níbi ààrò ni kó da omi tútù sí ìkòkò irin tó ti gbóná janjan. Ibi tí omi kàn á máa sún kì nígbà tí ibi tó kù ṣì fẹ̀, á sì sán, nígbà míì pẹ̀lú ariwo. Bákan náà ni gbígbé e kúrò lórí iná sórí koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Tí òjò bá ká yín mọ́ ìdí ààrò, ẹ fi ọmọrí dé e, kí ẹ gbé e sórí òkúta gbígbẹ tàbí pákó lábẹ́ ìbòòji.

Ohun tó bá a mu, àtohun tí kò bá a mu

Dùndún, àkàrà, ẹran díndín, ẹja: gbogbo ohun tí a fi òróró dín ló ń mú kí awọ ara rẹ̀ le sí i. Fún ìpàgọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú fúráìpáànù tuntun, àkàrà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Dòdò náà dára, àmọ́ ṣúgà inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n máa ń jóná mọ́ ìdí rẹ̀, nítorí náà kí iná rọlẹ̀.

Tòmátò, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ohunkóhun tó bá kan máa ń jẹ awọ yẹn, wọ́n sì máa ń mú adùn irin wọ ọbẹ̀. Ẹ̀fọ́ rírò tí kò pẹ́ lórí iná ju ìṣẹ́jú 15 lọ kò ní ṣe nǹkan kan fún ìkòkò tí ẹ ti ń lò tipẹ́. Ọbẹ̀ ata tí ẹ fẹ́ kó hó fún wákàtí kan ńkọ́? Ẹ wá ìkòkò mìíràn. Ohunkóhun tó wù kí ẹ sè, ẹ kó o kúrò nínú rẹ̀ tí ẹ bá jẹun tán. Ọbẹ̀ tó sùn mọ́jú nínú ìkòkò irin, òun àti awọ ara ìkòkò ni wọ́n jọ ń bàjẹ́.

Isu iyán náà, ẹ má fi ìkòkò irin sè é. Omi tó ń hó pẹ́ nínú rẹ̀ ń bó awọ, irin sì lè mú kí isu dúdú díẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gbé iyán tó dà bí eérú síwájú ará Èkìtì kó retí pé kí wọ́n kí òun.

Fífọ̀

Ẹ má fọ̀ ọ́ sínú odò tàbí ìsun. Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, àti ìdí Àrìnta, omi tó ń já látorí àpáta ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀, àwọn èèyàn ń wẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rá àti ọṣẹ yín kò sì ní nǹkan ṣe nínú omi náà. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi, kí ẹ rìn tó nǹkan bí ìgbésẹ̀ 70 kúrò létí omi kí ẹ tó fọ nǹkan kan. Ẹ ṣa èérún oúnjẹ inú omi ìfọkòkò sínú láílọ́ọ̀nù ìdọ̀tí, kí ẹ wá da omi náà káàkiri sórí ilẹ̀. Tí ẹ bá dà á síbì kan, òórùn rẹ̀ á pe eku àti èèrà wá bá yín.

Ìgbà tí ìkòkò ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ ló rọrùn jù láti fọ̀. Tí kò bá sí ju òróró lọ nínú rẹ̀, ẹ fi àkísà tàbí ìwé nù ún, ó parí. Tí oúnjẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ da omi gbígbóná bíi kọ́ọ̀bù méjì sí i, kí ẹ dá a padà sórí iná kó hó fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí ẹ sì fi ṣíbí onígi tàbí ọmọ orógùn ha ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ á tú. Kànrìnkàn ìbílẹ̀ ni kí ẹ fi parí èyí tó kù. Ó le tó láti gbá oúnjẹ, kò sì le tó láti gbá awọ.

Tí kò bá sí omi tó pọ̀, iyọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹkún ṣíbí méjì iyọ̀ oníhóró, òróró díẹ̀, kí ẹ fi àkísà pọ́n ọn yíká títí iyọ̀ á fi dúdú. Ẹ da iyọ̀ náà nù, kí ẹ sì fi omi díẹ̀ ṣan án, torí iyọ̀ tó bá kù síbẹ̀ á fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìpẹtà á sì tẹ̀ lé e.

Ti eérú ni ó yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Àṣà ilé wa ni pé kí a fi eérú àti iyanrìn fọ ìdí ìkòkò títí á fi dán. Ìkòkò irin ò fẹ́ dídán. Tí omi bá kan eérú, agbára tó ń jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ: ó ń jẹ ọ̀rá. Awọ tí ẹ fi òróró yan, ọ̀rá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí eérú tútù bá ṣe ń pẹ́ lára rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ lá ṣe máa pá tó, iyanrìn á sì ha èyí tó kù. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ mọ èyí kó tó gbé e lọ sẹ́yìn àgọ́.

Ọṣẹ ńkọ́? Àwọn kan ní kò gbọdọ̀ kàn án láéláé. Ìgbà tí gbogbo ọṣẹ jẹ́ ọṣẹ eérú líle ni ìkìlọ̀ yẹn bá mu. Ọṣẹ ìfọwo olómi ti òde òní, kán-ún kan tàbí méjì, kò ní bó awọ tó ti gan. Ọṣẹ dúdú náà ń ṣe é tí kò bá ta lára jù, àmọ́ kíákíá ni kí ẹ ṣan án. Rírẹ ìkòkò sínú omi ni èèwọ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Gbígbẹ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì ju fífọ̀ lọ. Àkísà kò lè mú gbogbo omi kúrò lára irin tí kò jọ̀lọ̀. Tí ẹ bá nù ún tán, ẹ gbé e sórí ẹyín iná tó ti ń kú lọ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, títí omi tó fara pamọ́ sídìí ọwọ́ rẹ̀ àti abẹ́ etí rẹ̀ á fi gbẹ. Nígbà tó ṣì gbóná, ẹ kán òróró díẹ̀ sí àkísà, kí ẹ fi pa á lára, kí ẹ nù ún bíi ti àkọ́kọ́. Ọmọrí náà ń kọ́? Òun ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dípẹtà.

Dúdú èéfín ẹ̀yìn ìkòkò kì í ṣe àléébù. Tí kò bá wù yín kó máa kun yín láṣọ, ẹ fi ọṣẹ pa ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ tó gbé e kaná. Dúdú náà á bá ọṣẹ lọ tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́.

Bí nǹkan bá ti bàjẹ́

Ìpẹtà kò túmọ̀ sí pé ìkòkò ti kú. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, ẹ fi kànrìnkàn onírin ha á títí irin á fi yọ, kí ẹ ṣan án, kí ẹ gbẹ ẹ lórí iná, kí ẹ sì yan án lóròóró níbẹ̀ náà. Ẹ má dá a dúró dọ̀la, torí irin tó wà níhòòhò lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá ti dípẹtà yíká, ó di ilé: ẹ po fínígà àti omi ní dọ́gbadọ́gba, kí ẹ rẹ ẹ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ ha á, kí ẹ sì wò ó. Tó bá kọjá wákàtí kan nínú fínígà, irin gan-an ló kù tí fínígà ń jẹ.

Tí nǹkan dúdú bá ń ṣí pẹ́pẹ̀pẹ́ bọ́ sínú oúnjẹ, oúnjẹ àtijọ́ tó jóná mọ́ ọn ni, tàbí awọ tí ẹ fi òróró tó pọ̀ jù yan. Ẹ ha èyí tó ti ṣí, kí ẹ yan ibẹ̀.

Ẹ má sọ ọ́ sínú iná ńlá pé kí iná jó gbogbo rẹ̀ mọ́. Iná igi kò lè yọ́ irin, àmọ́ ooru tí kò dọ́gba lè mú un wọ́ tàbí kó sán, ojú ibi tó bá sì ti pọ́n jù á di pupa rúsúrúsú tí òróró kì í fẹ́ dì mọ́.

Gbígbé e relé

Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, kí ẹ ká ìwé kan sáàárín ọmọrí àti ìkòkò kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, kí ẹ sì kó o sínú àpò ìrẹsì. Láílọ́ọ̀nù kò dára, ó ń há omi mọ́nú. Ẹ má gbé nǹkan wúwo lé ọwọ́ fúráìpáànù nínú búùtù mọ́tò. Irin yìí le, àmọ́ kì í tẹ̀, kíkán ló mọ̀.

Nílé, orí pẹpẹ ni kí ó wà, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀yìn kíṣìnì. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀, ẹ ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Tí ìwé inú rẹ̀ bá ti rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí ibì kan bá ti ń pọ́n, ẹ gbé e kaná kí ẹ fi òróró pa á lọ́jọ́ náà.